Akọni Tí Kò Ní Èèwọ̀: Adùn àti Àléébù Fíìmù Merry Men

 

Àwọn tó ránṣẹ́ pè mí ní Warri níbí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí fíìmù. Mo ní fíìmù wo? Wọ́n ní èyí tó bá wù mí ni, kí n ṣáà má jẹ́ kí àwọn èèyàn sùn lórí ìjókòó. Mo wá mú èyí tó jẹ́ pé bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, apá kan á rẹ́rìn-ín, apá kejì á yínmú. Òun ni Merry Men: The Real Yoruba Demons, tí Ayo Makun, aláwàdà tí gbogbo ayé ń pè ní AY, gbé jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yínmú, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ á kan yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹran tó wà nínú ọbẹ̀. Àwọn òyìnbó ní irú fíìmù kan tó dá lórí akọni abàmì: ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti ọmọ aráyé lọ, tàbí tí owó àti ọgbọ́n rẹ̀ ti pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di agbára. Akọni yìí a máa ní ojú méjì, ọ̀kan tó fi ń rìn nígboro lọ́sàn-án, ọ̀kan tó fi ń jà lóru. Nínú ìdílé fíìmù yìí ni ẹ̀ka kan wà tí mo fẹ́ pè ní eré àmọ̀ọ́mọ̀ṣàṣejù. Aṣọ ń dán jù, ọ̀rọ̀ ẹnu ń wúwo jù, ọ̀tá burú kọjá bó ṣe yẹ, ẹ̀ṣẹ́ kan péré, èèyàn márùn-ún ti ṣubú. Olùdarí mọ̀ pé àṣejù ni. Ìwọ tó ń wò ó mọ̀ pé àṣejù ni. Òun ṣẹ́jú sí ọ, ìwọ náà ṣẹ́jú padà, ni eré bá ń lọ. Ní ọdún 1964, obìnrin Amẹ́ríkà kan, Susan Sontag, kọ àròkọ tó lókìkí lórí irú ìtọ́wò báyìí, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń tọ́ka sí i títí dòní.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ò dúró de ọdún 1964. Ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde nínú ìwé àwòrán ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1938 yẹn náà ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde níbí. Ẹ wo àwọn tí Àkàrà-Ògùn kó dání lọ sí Òkè Lángbòdó: Kàkó pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ pẹ̀lú orin rẹ̀, Ìmọ̀dóyè pẹ̀lú ọgbọ́n orí rẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ pe ìyẹn bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ akọni abàmì? Àṣejù wà nínú rẹ̀ dáadáa. A kì í ka Fágúnwà láìrẹ́rìn-ín, a kì í sì í kà á láìbẹ̀rù.

Lórí ìtàgé ńkọ́? Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sala, fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe eré àmọ̀ọ́mọ̀ṣàṣejù. Awò ojú tó tóbi ju ojú lọ, táì ọrùn tó fẹ̀ bí ìyẹ́ àwòdì, aago ńlá níbi tí aago ọwọ́ yẹ kó wà. Ní ọdún 1982, òun àti olùdarí Ọlá Balógun gbé Ọ̀run Mooru jáde, èrò sì wọ́ tọ̀ ọ́. Ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni baba náà papò dà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí Merry Men wọ ilé sinimá. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló pa ìkejì o! Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀sẹ̀ tí àgbà ń lọ ni ọmọ ń jó lójú agbo, ó sì tọ́ ká bi ọmọ náà léèrè bóyá ó kọ́ ijó yẹn tán kí àgbà tó lọ.

AY, ọmọ Ifọ́n ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, ṣùgbọ́n Warri ló ti dàgbà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Delta ní Abraka ló sì ti kọ́ṣẹ́ tíátà. Kò yà mí lẹ́nu. Ìlú yìí ló bí aláwàdà Alibaba, òun náà ló fún wa ní I Go Dye. Ní Warri, ẹni tí kò lè fi ẹnu gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà Enerhen, kó yáa má jáde nílé. Ẹ lọ wo ọdún Awankere ní Okere: orin tí èèyàn ò jẹ́ kọ níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ní gbangba, eégún á sì máa jó sí i. Ọmọ tó bá dàgbà nírú ibẹ̀ á ti mọ̀ pé àṣejù lè jẹ́ iṣẹ́ ọnà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú fíìmù. Toka McBaror ló darí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan wà ní Abuja: Ramsey Nouah ni Ayo Alesinloye, Jim Iyke ni Naz Okigbo, Falz ni Remi Martins, AY fúnra rẹ̀ ni Amaju Abioritsegbemi. Wọ́n lówó, wọ́n gbajúmọ̀, kò sí ìyàwó nílé. Lọ́sàn-án, wọ́n ń gba kọngílá lọ́wọ́ àwọn alágbára. Lóru, wọ́n ń ja àwọn olówó lólè kí wọ́n lè fún tálákà. Ọ̀tá wọn ni Dame Maduka, òṣèlú obìnrin kan tó fẹ́ wó abúlé kan kó lè kọ́ ilé ìtajà ńlá síbẹ̀. Ireti Doyle ló ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bí sí Warri níbí, Richard Mofe-Damijo, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Orúkọ Merry Men yẹn, ọ̀dọ̀ Robin Hood ni wọ́n ti yá a, olè inú ìtàn àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń jí ti olówó fún tálákà. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Yoruba Demons sì ni orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọkùnrin tó wọ agbádá funfun, tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, tó sì ń fi ọkàn obìnrin ta ayò. Àwọn kan lára wa bínú sí orúkọ náà. Èmi rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn ẹ̀mí èṣù mẹ́rin yìí, ọ̀kan jẹ́ Ìgbò, ọ̀kan sì ń jẹ́ Abioritsegbemi. Ẹ tẹ́tí sí orúkọ yẹn. Oritse ni Itsekiri ń pe Ọlọ́run. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Òrìṣà tiwa. Gbemi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀. Ọmọ Yorùbá tí kò tíì dé Warri rí á gbọ́ orúkọ náà, á sì mọ̀ pé ẹnì kan ń dúpẹ́ pé Òrìṣà gbè òun. Bóyá AY mọ̀ ọ́n ṣe o, bóyá kò mọ̀ ọ́n ṣe, nínú fíìmù tó ń fi Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi orúkọ kan tí Yorùbá àti Itsekiri jọ ni sí àárín.

Adùn rẹ̀ dà? Mo rí mẹ́ta.

Èkíní, fíìmù náà kò tọrọ àánú. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi wo fíìmù tó jẹ́ pé ẹkún ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àlùkámọ̀rí lórí àlùkámọ̀rí. Èyí wọ aṣọ tó dáa, ó wa mọ́tò tó dáa, ó ní kí a wo bí ọmọ Nàìjíríà ṣe ń rìn bí ẹni tó ni ilẹ̀. Àwọn èèyàn dá a lóhùn: owó tó pa nílé sinimá ju ₦200 mílíọ̀nù lọ. Èkejì tẹ̀lé e ní ọdún 2019, ẹ̀kẹta ní 2023. Ẹni tó bá ní èèyàn ò fẹ́ irú eré yìí, kó lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ra gúgúrú.

Èkejì, ọ̀tá náà pegedé. Nínú eré àmọ̀ọ́mọ̀ṣàṣejù, ọ̀tá ni òpó mulẹ̀. Ireti Doyle kò bẹ̀rù láti burú. Ó fi ìdúró nìkan pàṣẹ, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń kí. Ẹ wo bí AY náà ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù: àwọn ń ṣe ọmọkùnrin arẹwà, òun ń ṣe ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọkùnrin arẹwà tí kò bọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá. Iṣẹ́ tí Baba Sala ṣe nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀rín náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Wíwó abúlé kí olówó lè kọ́ ilé ìtajà, ṣé ìtàn àròsọ nìyẹn lórílẹ̀-èdè yìí? Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó àdúgbò Màrókò. Àwọn tó di aláìnílé tó nǹkan bí 300,000. Lónìí, ẹ lọ wo irú ilé tó wà lágbègbè ibẹ̀. Ní Warri níbí, mi ò ní sọ fún yín ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lè dá sílẹ̀. Ẹni tó rí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ níbí ní ọdún 1997 ò jẹ́ gbàgbé. Merry Men fi oògùn kíkorò sínú àkàrà, ó fi lọ èèyàn. Èmi kì í fojú kéré irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tí mo jáde nílé sinimá tí inú mi ò kún? Mo ro ó títí. Èrò tó kọ́kọ́ wá ni pé àwàdà ló pọ̀ jù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé irọ́ ni. Àwàdà kì í ba akọni jẹ́. Ohun tó kù níbẹ̀ ni èèwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ wa, kò sí agbára tí kò ní èèwọ̀. Ọdẹ tó ní àyẹ́ta ní oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ kàn. Babaláwo tó ń wo ọjọ́ iwájú fún gbogbo ìlú ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe. Ògún jagun títí, ó dé Ìrè, ó bá agbè ẹmu tó ṣófo, inú bí i, ó bẹ́ orí àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì kábàámọ̀. Ṣàngó dán oògùn àrá wò, ààfin tirẹ̀ ló jó. Wọn kì í sọ àwọn ìtàn yìí kí akọni lè kéré lójú wa. Ohun tí wọ́n ń fi hàn wá ni ibi tí agbára rẹ̀ parí sí, kí ọkàn wa lè wà lókè bó bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀. Superman gan-an, òkúta kan láti ìlú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Àwọn òyìnbó mọ èèwọ̀, orúkọ ni wọn ò mọ̀.

Ẹ wá bá mi wá èèwọ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́rin yìí. Owó wọn kì í tán. Kò sí ilẹ̀kùn tí kò ṣí fún wọn. Robin Hood sun inú igbó. Àwọn wọ̀nyí ń sùn lórí tìmùtìmù. Kọngílá tó sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀, ọ̀dọ̀ irú àwọn tí wọ́n ń jà lólè ló ti wá. Ibi tí ìtàn yẹ kó ti gbóná nìyẹn: kí ẹnì kan nínú wọn wo dígí, kó béèrè pé, kí ló yà wá sọ́tọ̀ sí Dame Maduka? Fíìmù náà rìn dé ẹnu ọ̀nà ìbéèrè yìí, ó ṣẹ́jú, ó dá àpárá, ó sì kọjá. Níbẹ̀ ni àwàdà ti di ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ohun kan náà ló ṣe ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú rẹ̀. Osas Ighodaro àti Damilola Adegbite mọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ń ka obìnrin bí ọdẹ ṣe ń ka ẹran tó pa. Àwọn ọkùnrin náà ń gba orí ibùsùn dé ìdí kọngílá, fíìmù sì ní kí á pàtẹ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti fi ìfẹ́ òtítọ́ san gbèsè ìwà yẹn, kí ó dùn ún débi pé ó ba iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan jẹ́, à bá ti ní ìtàn. Àwọn ará abúlé náà ńkọ́? Ilé wọn ni wọ́n fẹ́ wó, síbẹ̀ àyè tí wọ́n rí gbà kéré púpọ̀. Wọ́n di òǹwòran nínú ọ̀rọ̀ ara wọn. Àwọn akọni náà jí owó fún wọn, wọ́n pín in fún wọn. Ta ló jókòó tì wọ́n kó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́?

Ẹnì kan á ní, "Ọ̀gbẹ́ni, eré lásán ni. Kí ló dé tó o fi ń bá a fa wàhálà?" Ẹ jẹ́ kí n fi eré lásán dá a lóhùn.

Ní ọdún 1966, wọ́n gbé fíìmù Batman kan jáde ní Amẹ́ríkà tí Adam West ṣe akọni rẹ̀. Kò sí fíìmù tó ní yẹ̀yẹ́ tó o. Ṣòkòtò tó fún pinpin, ìbòjú elétí. Ìran kan wà níbẹ̀ tí Batman gbé bọ́ǹbù dúdú rogodo kan, iná ń jó lójú okùn rẹ̀, ó ń sáré kiri ní etíkun kó lè jù ú nù. Ó yíjú sí apá kan, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn tó wọ aṣọ funfun-dúdú ń bọ̀. Ó yíjú sí apá kejì, ìyá kan ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́. Ó sáré síbòmíì, ẹgbẹ́ onílù àti fèrè dí i lọ́nà. Ó bojú wo omi, tọkọtaya olólùfẹ́ wà nínú ọkọ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì omi náà, pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́. Ó dúró! Kò lè jù ú sára pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín? Èèwọ̀ ni. Ọkùnrin yìí kò gbọdọ̀ ṣe aláìṣẹ̀ ní jàǹbá, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyẹ. Àṣejù ibẹ̀ dúró lórí òfin kan tí kò yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìran náà fi wà lẹ́nu àwọn èèyàn lẹ́yìn ọdún tó lé ní àádọ́ta.

Ẹ wá fi wé Batman & Robin ti ọdún 1997, tí Joel Schumacher darí. Owó tí wọ́n ná sí i pọ̀ ju ti 1966 lọ jìnnà. George Clooney ni Batman, Arnold Schwarzenegger ni ọ̀tá, gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kò ju yìnyín àti òtútù lọ. Níbi kan, Batman yọ káàdì ìsanwó tó ní àmì àdán lára láti fi ra obìnrin níbi títà. Àwàdà náà nìyẹn. Akọni tó lè san owó gbogbo nǹkan! Wọ́n bú fíìmù náà débi pé Schumacher tọrọ àforíjì nígbà tó yá, Batman kò sì padà sí ilé sinimá títí di ọdún 2005. Àṣejù kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ọ̀kan ní èèwọ̀, ìkejì ní káàdì.

Ní ilé níbí, ẹ rántí Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé sórí Netflix ní ọdún 2022. Saro rí agbára àtijí òkú gbà. Ojúkòkòrò wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ó ń béèrè ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ tó nílò agbára náà jù ló já a kulẹ̀. Fíìmù yẹn kì í ṣe eré àwàdà, ó sì ní àléébù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wò ó tí kò mọ ohun tí Saro pàdánù.

Baba Sala náà, pẹ̀lú gbogbo yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ahun ni, olójú kòkòrò ni, ó sì máa ń san gbèsè rẹ̀ kí eré tó parí. A rẹ́rìn-ín nítorí ó ń san án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Ní àgbàlá ilé kan tí kò jìnnà sí Okumagba Avenue, mo rí ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ. Ó so ìró ìyá rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó gun orí pèpéle kànga, ó na ọwọ́ síwájú. Akọni ti dé. Àwọn yòókù yí i ká. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò béèrè ohun tó lè ṣe. Ó ní, "Wetin fit kill you?" Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó ní, "Rain."

Ní Warri! Ìlú tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ míì. Mo ní ọmọ yìí láyà.

Kíá, ọ̀kan nínú wọn ti sáré lọ bu omi sínú abọ́. Eré bẹ̀rẹ̀. Ó ń fò, wọ́n ń lé e, ìró ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ omi ń bọ̀. Bí omi bá ta sí i lára, á ṣubú lulẹ̀, á kú ikú ẹ̀sín, á dìde, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò sinmi títí ìyá rẹ̀ fi jáde wá béèrè ìró. Bí ọmọ náà bá ti dáhùn pé kò sí ohun tó lè pa òun, eré ì bá ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún méje mọ ohun tí àwọn tó ná ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó kò rántí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo rí lẹ́yìn lọ́hùn-ún pẹ̀lú fóònù àti kámẹ́rà yín. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín fẹ́ ṣe fíìmù. Ẹ ṣe é. Ẹ ṣe àṣejù. Ẹ dá aṣọ tó ń dán, ẹ jẹ́ kí ọ̀tá rẹ́rìn-ín bí ìkookò, ẹ jẹ́ kí akọni fò láti orí afárá dé Igbudu láìkan ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀mọ̀wé kankan fi ojú kéré yín nítorí ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra iná, kí ẹ tó ran aṣọ, ẹ mú ìwé, ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sí i: kí ni akọni yìí kò gbọdọ̀ ṣe, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bó bá ṣe é? Ẹ lè ní akọni tó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá, tí agbára rẹ̀ ń tán bó bá ti pa irọ́ kan. Ní ìlú tí iyọ̀ wà nínú gbogbo ìtàn, ẹ fojú inú wo ìyà tó máa jẹ!

Ìdájọ́ mi lórí Merry Men nìyí. Ó tó wò, ó tó rẹ́rìn-ín sí, ó sì ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí ó jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn èèyàn wa yóò sanwó láti wo akọni tiwọn. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fún àwọn akọni náà ní gbogbo nǹkan, kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. AY ti fi hàn pé ọjà wà. Ẹ̀yin tó kù, ẹ lọ gbé èèwọ̀ wá.

 Kí Ọlọ́run, kí Oritse, kó gbè wá o.